Ajẹ́lẹ̀ Inú Àpò

Ní àtijọ́, nígbà tí agbára Ìbàdàn tàn dé ilẹ̀ Èkìtì, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ni àwọn ará Ìbàdàn fi ń ṣọ́ ìlú tí wọ́n bá ṣẹ́gun. Ẹnì kan ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní ajẹ́lẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ kò ro oko, kò sì ta ọjà. Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni iṣu tí ó dára jù lọ ń lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹran ń lọ, ohunkóhun tí ó bá sì ṣẹlẹ̀ ní ìlú kì í pẹ́ kí ó tó dé etí ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọba wà lórí ìtẹ́, àwọn ìjòyè wà nídìí oyè wọn, àwọn obìnrin sì ń ná ọjà bí wọ́n ti máa ń ná an. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó lè rò pé ìlú ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi rí bẹ́ẹ̀ kí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí tó gbé idà sókè sí àwọn ajẹ́lẹ̀, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì kó ara wọn jọ ní Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèǹgbé sì ṣe olórí ogun wọn. Ogun Kírìjì tí ó tìdí ọ̀rọ̀ yìí jáde kò parí pátápátá títí di ọdún 1893.

Lónìí, kò sí ajẹ́lẹ̀ kankan ní Adó-Èkìtì tí Ewì ń jọba lé lórí. Kò sí ní Ìyìn, kò sí ní Ìgèdè, kò sì sí ní Ìfàkì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró ní agbègbè Fájùyì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, tí ó sì wo àwọn tí ó ń kọjá lọ sí ibi iṣẹ́ àti sí ilé-ẹ̀kọ́, yóò rí ohun pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ wọn, bí wàláà kékeré, tí ojú wọn kì í fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Inú ohun pẹlẹbẹ yìí ni ajẹ́lẹ̀ tuntun ń gbé. Òun náà kò ro oko, òun náà ń jẹun, òun náà sì ń ròyìn fún ọ̀gá rẹ̀ ní òkè òkun.

Bí a bá mú obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ náà yóò yé ọmọdé. Ní ayé ìyá rẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń pe oníbàárà, orí ni wọ́n sì fi ń rántí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Ní ti òun, kí ó tó gbá iwájú ìsọ̀ rẹ̀ tán, ó ti ya àwòrán àǹkárá tuntun, ó sì ti gbé e sí ojú status rẹ̀ lórí WhatsApp. Ẹni tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́ rí i, ẹni tí ó wà ní Àbújá rí i. Wọ́n yan èyí tí ó wù wọ́n, wọ́n sanwó láti báǹkì, ó sì di ẹrù náà lọ sí ibùdókọ̀. Ohun rere ni èyí, ẹni tí ó bá sọ pé kò dára kò tíì jókòó ti ọjà rí. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Orí WhatsApp yìí kan náà ni ẹgbẹ́ àjọ rẹ̀ ti ń ka owó. Ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń fi ìwé ránṣẹ́, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ ti ń pàdé, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ti ń jà lórí owó títún ọ̀nà ṣe. Ó ń polówó lórí Facebook àti Instagram. Gmail ni ó fi ṣí fóònù náà, Google ni ó ń bá a tọ́jú àwòrán, àwòrán ilẹ̀ Google ni ó fi ń wá ilé oníbàárà, YouTube sì ni ọmọ rẹ̀ ti ń kọ́ ìṣirò.

Bí wọ́n bá bi í, yóò sọ pé ohun èlò púpọ̀ ni òun ń lò. Ilé púpọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n onílé méjì péré ni ó ni gbogbo wọn. Ilé-iṣẹ́ Meta ni ó ni Facebook. Òun náà ni ó ra Instagram ní ọdún 2012, tí ó sì ra WhatsApp ní ọdún 2014. Google ni ó ni Gmail àti àwòrán ilẹ̀. Òun ni ó ra YouTube ní ọdún 2006, òun náà ni ó sì ra Android, tí ó ń darí ọ̀pọ̀ jù lọ fóònù tí ó wà ní ìgboro Adó, ní ọdún 2005.

Àwọn onílé wọ̀nyí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ obìnrin yìí nítorí pé ó ń bá ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, èyí ni ó sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀fẹ́ ni. Owó dátà tí ó ń rà, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ni òpó fóònù ni ó ń lọ. Báwo wá ni àwọn méjì yìí ṣe di olówó tí àwọn ìjọba ńlá ń ṣọ́ra fún? Ìpolówó ọjà ni. Àwọn oníṣòwò káàkiri àgbáyé ni ó ń sanwó fún wọn kí wọ́n lè fi ọjà han ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó rà á. Kí wọ́n sì tó lè mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti mọ ibi tí ó ń gbé, ohun tí ó ń wò, wákàtí tí ó ń jí, àti àwọn tí ó ń bá rìn. Àwọn baba ńlá mọ àdéhùn kan tí ó fara jọ èyí. Ẹni tí ó bá yá owó tí kò rí i san a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó, iṣẹ́ ìwọ̀fà ni ó sì jẹ́ èlé orí owó náà. Ìyà ni ìwọ̀fà, kò sí òbí tí ó ń gbàdúrà kí ọmọ òun ṣe é. Síbẹ̀ ìwọ̀fà mọ iye tí wọ́n yá, ó mọ oko tí òun ń ro, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san owó náà pé, ó di òmìnira. Ẹni tí ó ń lo fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ kò mọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí a má baà purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a sọ pé láti ọdún 2016, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì bá ń bá ara wọn sọ lórí WhatsApp ni wọ́n ń dì ní kókó àṣírí láti orí fóònù kan dé èkejì, tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò fi lè kà á. Òtítọ́ ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ tí kò tú lẹ́tà lè kọ ọ́ sínú ìwé pé lágbájá ni ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí làkásègbè, ní wákàtí báyìí, láti ibi báyìí. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé obìnrin kan ń ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀, tí ó sì tún ránṣẹ́ sí pásítọ̀ rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru, kò nílò kí ó ka ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà kí ó tó mọ̀ pé àìsàn wọ ilé.

Ìjọba Nàìjíríà pàápàá ti fura. Ní ọdún 2021, WhatsApp gbé òfin ìlò tuntun kalẹ̀, ó sì ní kí àwọn ènìyàn fọwọ́ sí i. Àjọ FCCPC tí ó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ó dá Meta lẹ́bi, ó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé e lórí. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn náà ni pé kò fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní irú ọ̀wọ̀ tí ó ń fún àwọn ará ilẹ̀ mìíràn tí òfin wọn fara jọ ti Nàìjíríà. Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá FCCPC láre. Ìdájọ́ tí ó yẹ ni. Àmọ́ àpò ìjọba ni owó ìtanràn ń lọ. Kò dá ohunkóhun padà sọ́wọ́ obìnrin Ọjà Ọba, kò sì sọ ọ́ di ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀.

Àìní ilé tirẹ̀ yìí ni ìdí ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, nígbà tí agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ ní Nàìjíríà, WhatsApp, Facebook àti Instagram kú lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri àgbáyé. Kì í ṣe ogun, kì í ṣe olè. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń tún ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ ńlá wọn gbà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ṣe, àṣẹ kan tí wọ́n pa sì gé gbogbo rẹ̀ kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò fi sí ẹ̀rọ kankan lágbàáyé tí ó mọ ibi tí Facebook wà mọ́. Bí i wákàtí mẹ́fà ni ó gbà kí ó tó padà. Ìrọ̀lẹ́ ọjà ni àkókò náà jẹ́ ní Adó. Oníṣòwò tí ó ti gba owó àǹkárá láti Àbújá, tí kò sì kọ orúkọ oníbàárà náà sí ibòmíràn, kò lè mọ ẹni tí yóò di ẹrù fún. Ẹni tí ó kọ nọ́ńbà oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé kékeré pè é lórí fóònù, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe onílé nìkan ni ó lè ti ìlẹ̀kùn. Ìjọba náà lè tì í. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ kúrò, ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter ní Nàìjíríà, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti kó gbogbo oníbàárà wọn sí ibẹ̀ jókòó fún oṣù méje. Òkun pẹ̀lú lè tì í: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ báǹkì ní Nàìjíríà kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ọ̀rọ̀ olówó ni gbogbo èyí, pé ẹni tí ó bá kúrò lórí WhatsApp ní Èkìtì lónìí ti kúrò láàrin ènìyàn. Wọn kò parọ́. Ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè fi lẹ́tà àti òǹtẹ̀ bá ìyá rẹ̀ ní Ìwòrókò sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá sínú gúrúùpù kò lè sọ pé òun kò wọ inú rẹ̀. Àwọn tí ó ń wàásù pé kí gbogbo ènìyàn ju ohun gbogbo sílẹ̀ ní ọjọ́ kan kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn fúnra wọn a tún padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, nígbà tí òfin tuntun WhatsApp dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbàáyé sá lọ sórí Signal, èyí tí àjọ tí kò wá èrè ń bójú tó. Ọ̀pọ̀ wọn padà, nítorí pé àwọn ará ilé wọn kò bá wọn lọ.

Àwọn ìlú ńlá pàápàá ti kọsẹ̀ níbẹ̀. Ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì pinnu ní ọdún 2003 láti mú àwọn kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú náà kúrò lórí Windows ti Microsoft bọ́ sórí Linux. Bí i ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò pé kí wọ́n padà sí Windows. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kan náà kéde pé òun yóò kó kọ̀ǹpútà bí 30,000 kúrò lọ́wọ́ Microsoft, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ètò ìkọ̀wé ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, wọ́n fi LibreOffice rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n tó kan àwọn nǹkan yòókù. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn fún ẹni tí kò ní ju fóònù kan lọ.

Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ gbà padà ni ohun tí ó bá sọnù tí kò ní rọ́pò. Nọ́ńbà àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ìwé kékeré àti bírò sì ni ó ń fẹ́. Àwòrán jẹ́ èkejì. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Google ti lè pa àkáǹtì tí olówó rẹ̀ kò fọwọ́ kàn fún ọdún méjì rẹ́, pẹ̀lú gbogbo àwòrán àti lẹ́tà tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ bá a lọ. Ẹ̀dà kan nínú flash tí ó wà nínú àpótí ní ilé kò bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tí ó ń dunni jù ni oríkì. Kò ṣọ̀wọ́n lónìí kí ọmọ kan ní Èkìtì bẹ ìyá àgbà kí ó ki ìran wọn, kí ó sì gba ohùn rẹ̀ sínú WhatsApp fún àwọn ẹbí tí ó wà lẹ́yìn odi. Gbogbo wọn gbọ́ ọ, àwọn kan sunkún. Ọdún kan kọjá, wọ́n jí fóònù náà ní ọjà tàbí kí ó bọ́ sínú omi, ìyá àgbà ti di ará ọ̀run, ẹni tí ó sì ní ohùn náà mìíràn ti nu gúrúùpù náà kúrò kí fóònù rẹ̀ lè ní àyè. Ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, tí kò sí agboolé tí kì í fi ọmọ tí ó kàwé yangàn, ẹ̀gàn ni kí ìtàn agboolé sọnù nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀ kò nira bí ti àtẹ̀yìnwá. LibreOffice tí wọ́n ń lò ní Schleswig-Holstein kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì ní kí ènìyàn wọ íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó kọ̀wé. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó dá ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lórí YorubaName.com, ti ṣe bọ́tìnnì ìkọ̀wé tí ó ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n fi í ṣe. Ẹni tí ó bá ń kọ ẹ̀ka èdè Èkìtì yóò mọ iyì rẹ̀, nítorí pé ètò tí ó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe lórí fóònù a máa pe ọ̀rọ̀ Èkìtì ní àṣìṣe, a sì máa fi ọ̀rọ̀ Òyìnbó rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́ kò sì lè gbé Windows 11. Irin wọn kò bàjẹ́; onílé ni ó kúrò nílé. Linux ń ṣiṣẹ́ lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Linus Torvalds ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, tí kò sì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ. Ẹnikẹ́ni ni ó lè wo bí wọ́n ti ṣe é, kí ó sì tún un ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tú u wò ní Adó yóò kọ́ ohun tí ẹni tí ó kàn ń tẹ bọ́tìnnì kì yóò kọ́ láéláé.

Bákan náà ni ti àwòrán ilẹ̀. OpenStreetMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, dà bí àwòrán ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn jọ ń yà: ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ó ti Ìlawẹ̀ wọ abúlé baba rẹ̀ lè fi í síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, kí ó sì gbé gbogbo rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀ fún ìgbà tí dátà bá tán. Odò, àkúrò àti ọjà ọlọ́jọ́-márùn-ún kì í sábà jẹ olówó òkè òkun lógún, nítorí pé kò sí ìpolówó kankan níbẹ̀.

Nígbà ìsinmi ọdún Kérésìmesì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kúrò ní Adó lọ kí àwọn òbí wọn àgbà ní Ìyìn, ní Ìgèdè àti ní Ìfàkì. Àwọn tí ó bá mú ìwé àkọsílẹ̀ kan dání lè jókòó ti ìyá àgbà ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n kọ oríkì náà bí ó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n bi í ní ọ̀rọ̀ tí kò yé wọn, kí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú mẹ́mórì kádì. Tí wọ́n bá padà dé ibi tí kọ̀ǹpútà wà, wọn a tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, wọn a tẹ ẹ̀dà kan sí bébà fún bàbá wọn, wọn a sì fi ẹ̀dà kan sínú flash. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lè fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹ̀gbọ́n wọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò sì gbọ́ ọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.